Ta Ló Sọ Orí Òkè Di Ọ̀nà Jíjìn?

Láyé òṣómàáló, kò sí ibi tó jìnnà lójú ará Ìjẹ̀ṣà. Oníṣòwò á di aṣọ, á gbé e karí, á gba Èkìtì kọjá, á wọ Ìgbómìnà, á yà sí abà tí ilé ibẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, á ta ọjà rẹ̀ láwìn, á sì padà wá nígbà tí àdéhùn bá pé. Bí onígbèsè bá ní owó ò tíì sí, baba á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní nàró títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ há sórí òkè kì í wí pé òkè ti ga jù. Láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà títí dé Èrìn àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè ló tò lọ bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ẹsẹ̀ lásán sì ni àwọn baba wa fi ń gùn ún, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá wà lóhùn-ún.

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé kò ṣòro láti bi: kí ló fà á tí àwọn tó tẹ̀ dó sórí òkè, láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé ilẹ̀ Papua lọ́hùn-ún, fi máa ń dà bí ẹni tí ayé fi sẹ́yìn? Ìdáhùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òkè fúnra rẹ̀ ló fà á. Wọ́n ní òkè ga, ọkọ̀ ò lè gùn ún, nọ́ọ̀sì ò fẹ́ gbé ibẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà sì lórí kunkun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òkè ò tíì kúrò níbi tó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń wá kiri. Nígbà tí ogun gbòde, orí òkè ni gbogbo ayé ń sáré lọ, ibẹ̀ ni ọba wà, ibẹ̀ ni ọjà wà. Ìgbà tí lọ́rì dé ni ibẹ̀ wá di ẹ̀yìn odi. Ìjìnnà tí à ń wí yìí, ènìyàn ló ń dá a sílẹ̀, ohun tí ènìyàn bá sì so, ènìyàn lè tú u.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Ẹni tó bá ń ka orúkọ ìlú ní àgbègbè wa kò lè ṣàì rí òkè níbẹ̀: Èrìn-Òkè, Ẹ̀sà-Òkè, Òkè-Mẹ̀sí. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, òkè ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ fi ṣe odi. Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn tí wọ́n ń bá jà pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, òkè àti àfonífojì sì wà láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ìró àgbá tó ń ró láti òkè sí òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ wọn ká. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n sá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ṣábẹ fi òkè wọn ṣe ààbò sí ogun Dàhọ̀mì. Ìdáàṣà, tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa-Zoumé, ni wọ́n ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì títí di òní. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí tí a lè pè ní ará oko tí ọ̀làjú fo kọjá. Ojú ayé là sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí ẹṣin ò lè gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lọ ni Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò sì tó ọgbọ̀n kìlómítà sí Àkúrẹ́. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà tó wà lórí àpáta. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ibẹ̀, tí àwọn tó kà á ń pè ní 682, á rí ohun tó kù: ààfin Ọwá, ọba ìlú náà, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́, àwọn ibojì, àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àpáta ràgàjì ràgàjì ká mọ́ bí odi. Àwọn ṣóńṣó kan níbẹ̀ ga tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìpele òkun. Odindi ìlú ló gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n jọba níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko, wọ́n ń gùn padà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò ni ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ìjọba Òyìnbó àti ìjọ Ọlọ́run ló kọ́ wọn, orí òkè ni wọ́n sì kọ́ wọn sí. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn wà lókè, akọ̀wé gun òkè, adájọ́ gun òkè, tíṣà gun òkè, oníwàásù gun òkè. Kò sí ẹni tó sọ fún Ọwá nígbà náà pé ìlú rẹ̀ ti jìnnà jù. Ìjọba fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará Ìdànrè, ó sì mọ ibi tí wọ́n wà.

Láti 1923 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ìlú wà lónìí. Kí ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀? Òkè ò ga sí i ní ọdún náà. Àlàáfíà ti dé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ohun tó gbé wọn gòkè ò sí mọ́. Kòkó sì ti dé. Igbó ìsàlẹ̀ Ìdànrè gba kòkó dáadáa, títí dòní ìlú náà kò gbẹ́yìn nínú àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní Nàìjíríà, kòkó kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn máa rù gun òkè lẹ́yìn tó ti sá a tán. Lọ́rì ló ń kó kòkó, ọ̀nà ni lọ́rì ń tọ̀, ibi tí ọ̀nà bá sì gbà ni ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun àti ilé ìwòsàn ń tọ̀ lé e. Bí a bá wò ó dáadáa, òkè kan náà tó jẹ́ ọgbọ́n ní 1880 ló di ìnira ní 1930, láìṣe pé òkúta kan yí padà nínú rẹ̀. Àpáta ò mọ ohun tó ń lọ. Ohun tí a fi ń wọn ọ̀nà ló yí padà, láti orí ẹsẹ̀ sí orí táyà.

Àwọn kan á sọ pé Ìdànrè gan-an ló dá mi lẹ́bi, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ ká wò. Wọn ò kó lọ lóòjọ́, ìdílé kan ń tẹ̀ lé òmíràn ni. Wọn ò ta òkè, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ààfin àtijọ́ ṣì jẹ́ ti Ọwá, ọdún Orósùn sì ń mú wọn gùn padà. Ẹ wá fi èyí wé ti Òkèhò ní Òkè-Ògùn. Ìlú tí òkè yí ká ni Òkèhò àtijọ́, àwọn ìletò tó kóra jọ nítorí ogun ló para pọ̀ dá a sílẹ̀. Ní 1916 ni Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba Òyìnbó, wọ́n pa àwọn aṣojú rẹ̀, ìjọba sì fi ọmọ ogun tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1917, ni ìlú kúrò láàárín òkè, tó bọ́ sí gbangba níbi tó wà báyìí. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún wa ìdí tí ìjọba kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jà fi máa fẹ́ràn ìlú tó wà ní gbangba ju ìlú tí òkè bò lọ. Ìṣíkúrò méjì nìyí, wọn ò tó ọdún mẹ́wàá síra wọn: ọ̀kan tẹ̀ lé kòkó, ìkejì tẹ̀ lé ìbọn. Ẹni tó bá kó àwọn méjèèjì pọ̀, tó ní ọ̀làjú ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kò ṣe ìtàn lóore.

Bí a bá fẹ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ará ìsàlẹ̀ ò mọ̀ pé ará òkè wà rárá, Papua New Guinea ni ká lọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Òyìnbó ti ń dé etíkun erékùṣù náà, wọ́n gbà pé àárín rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan ju òkè tí ènìyàn ò lè gbé lọ. Ní 1930, Michael Leahy, ọmọ Australia kan tó ń wá wúrà, gun òkè yìí pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní 1933, wọ́n fi bàálù fò kọjá lórí àfonífojì Wahgi, wọ́n sì rí i pé oko ló kún ibẹ̀, ebè tí a fà gún régé, ilé tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀ níbi gbogbo. Nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, mílíọ̀nù kan, ló ń gbé àwọn àfonífojì ibi tí wọ́n rò pé ó ṣófo. Wọ́n ń gbin ànàmọ́, kókò, ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀, àáké òkúta ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ àbàtà Kuk, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán, 7,000 ọdún ni àwọn ènìyàn náà ti ń roko níbẹ̀, tí wọ́n sì wá ń la odò kékeré sínú oko láti fa omi kúrò nígbà tó yá. Àjọ UNESCO kọ ibẹ̀ sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2008. Àgbẹ̀ tó ti ń roko kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti mọ òkìtì Íjíbítì ni wọ́n ní àwọn ṣàwárí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tó máa pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Àwọn ará òkè Papua ò bìkítà fún owó tí Leahy mú wá. Ìkarahun òkun ni wọ́n fẹ́, nítorí òun ni owó wọn, gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ ti jẹ́ tiwa. Àwọn Leahy wá ń fi bàálù kó ìkarahun láti etíkun wá san owó iṣẹ́ lórí òkè. Ẹ ronú sí i: orí òkè tó jìnnà sí òkun tó bẹ́ẹ̀, ìkarahun òkun ti wà lọ́rùn àwọn ará ibẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ti ń gòkè, láti ìdílé sí ìdílé, bí obì Gànbàrí ṣe ń gba ìlú wa dé òkè Ọya. Wọn ò jìnnà sí òkun. Àwọn tó wà létíkun ni ò mọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn. Títí di òní tí wọ́n ti gba òmìnira láti 1975, kina, orúkọ ìkarahun, ni owó orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́. Títí di òní kan náà, kò sí títì kankan tó so olú-ìlú wọn, Port Moresby, mọ́ àwọn ìlú orí òkè. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, bàálù ni yóò wọ̀. Ní àwọn abúlé tó jìn sí ojú ọ̀nà, pápá bàálù tí wọ́n fi ọkọ́ ro sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ni ẹnu ọ̀nà ilé; ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni kọfí ń gbà jáde, bí ìkùukùu bá sì bolẹ̀, aláìsàn á dúró.

Nàìjíríà náà ní irú Leahy tirẹ̀, àgùnbánirọ̀ ni. Ní 1986 ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti ṣàwárí àwọn Koma lórí òkè Alantika, ní ẹnubodè àwa àti Cameroon, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Adamawa lónìí. Àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán wọn jáde pẹ̀lú ewé ní ìbàdí, gbogbo orílẹ̀-èdè pariwo. A ti gba òmìnira fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Wọ́n ní a rí wọn. Ta ló sọnù? Àwọn Koma mọ ọjà ìsàlẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó kó àwọn baba wọn lẹ́rú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà lókè. Ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ohun tó sì kọ́kọ́ jẹ ìjọba àti àwọn aláàánú lọ́kàn ni aṣọ, kí wọ́n bo ara wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n jẹ tàbí ohun tó ń pa ọmọ wọn.

Sukur náà wà ní Adamawa yìí, lórí òkè Mandara, òun sì ni ibi àkọ́kọ́ tí UNESCO kọ sínú ogún àgbáyé ní Nàìjíríà, ní 1999. Òkúta ni wọ́n tò bí àtẹ̀gùn láti gba ilẹ̀ oko dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà tó lọ sí ààfin ọba tí wọ́n ń pè ní Hidi, irin sì ni wọ́n ń yọ́ tà fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Ìlú alágbẹ̀dẹ nìyẹn, irin rẹ̀ ló ń ro oko àwọn tó ń pè é ní ará ẹ̀yìn. Ohun tó gbé wọn dúró lókè sì wà lákọsílẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tá wọn gan-an: Hamman Yaji, tó jẹ́ olórí Madagali kí àwọn Òyìnbó tó rọ̀ ọ́ lóyè ní 1927, ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, ó sì ń kọ iye ẹrú, màlúù àti àgùntàn tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó nígbà tí wọ́n bá kọlu Sukur. Àwọn kan á ní ìyẹn ti di ìtàn. Ní 2014, nígbà tí Boko Haram gba Gwoza, ibo ni àwọn ènìyàn sá gbà? Òkè Mandara ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn gùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n kọlu Sukur pàápàá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti gbé orí òkè mọ́, kó kọ́kọ́ fi wá lọ́kàn balẹ̀ nípa ìsàlẹ̀.

Mo wá dé orí àtakò tó lágbára jù lọ, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ìyà wà lórí òkè. Ẹrù òkè, orí obìnrin ló ń dì sí. Òun ló ń sọ̀ lọ pọnmi, òun ló ń gbé igi gòkè, tí ìrọbí bá sì mú un lóru, òun náà ni wọ́n máa gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tí ìrì ti bò. Ọmọdé tó ń rin wákàtí kan lọ sílé ìwé, tó ń rin òmíràn bọ̀, kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹni tó sùn jí nítòsí. Ẹni tó bá fi ewì bo èyí, irọ́ ló ń pa. Àwọn olólùfẹ́ àṣà kan wà tí inú wọn máa ń dùn pé ará òkè ò tíì yí padà. Wọ́n á gun òkè lọ ya fọ́tò, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé tí omi ẹ̀rọ wà. Mi ò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Wákàtí tí òkè ń fi kún ìrìn jẹ́ ti òkè. Àìsí ìyá agbẹ̀bí lábúlé jẹ́ tiwa. Obìnrin tó ń rọbí kò nílò títì ọlọ́dà lóru ọjọ́ náà bí kò ṣe ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń gbé ládùúgbò, tó ní oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lọ́wọ́, tí fóònù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ abúlé náà ni ká kọ́ níṣẹ́, kó padà sílé. Àlejò tí wọ́n bá fi ìwé gbé síbẹ̀ á ti sá kó tó di oṣù mẹ́fà.

Wọ́n á ní owó ńkọ́? Pé owó tí a máa fi la ọ̀nà fún ọgbọ̀n ilé lórí òkè, odindi ìlú ló máa jàǹfààní rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìṣirò yẹn dára létí, àmọ́ ìjọba wa fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e. Ìjọba ti da kóńkéré sórí òkè rí, nígbà tó jẹ́ arìnrìn-àjò afẹ́ ló fẹ́ gùn ún. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà Oǹdó, wọ́n ń ṣe ọdún ìgun-òkè ní Ìdànrè, àwọn àlejò ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè, orin ń lọ, iná ń tàn lórí àpáta tó ti ṣófo. Ẹ tún wo òkè Mambilla ní Taraba, tó ga ju 1,500 mítà lọ, tí tíì ń hù níbẹ̀, tí òtútù sì ń mú ju bí ọmọ Èkó ṣe lè rò lọ. Láti nǹkan bí 1972 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń lérí pé òun máa fi omi òkè náà ṣe iná mànàmáná. Wọ́n ní á tó 3,050 mẹ́gáwáàtì, ìgbìmọ̀ aláṣẹ sì tún fọwọ́ sí i ní 2017. Iná kò tíì tàn. A fẹ́ omi wọn, a mọ iye mẹ́gáwáàtì tó wà nínú rẹ̀. Ta ló mọ iye obìnrin tó kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́nà Gembu, lórí òkè kan náà?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Rwanda tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ti ń fi bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láti 2016, Ghana sì tẹ̀ lé e ní 2019. Sólà ti mú kí ilé kan lè ní iná láìdúró de òpó iná. Ọ̀kadà ń gun ibi tí a ò rò. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a tún ṣe dáadáa, tí a fi okùn irin sí níbi tó ń yọ̀, kò náni tó iye títì, ó sì lè gba ẹ̀mí là. Ìlú tó sọ pé títì ọlọ́dà tàbí asán ni, asán ló fẹ́.

Ti òkè tó ń ya lulẹ̀ náà ò ṣeé fojú fò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, òkè ya bo abúlé kan mọ́lẹ̀ ní ẹkùn Enga ní Papua New Guinea, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sùn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, òkè ya ní Regent lẹ́bàá Freetown, òkú àti ẹni tí a ò rí mọ́ sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó bá fẹ́ kó gbogbo ará òkè sọ̀ kalẹ̀ á di èyí mú. Ṣùgbọ́n ti Freetown yìí, àwa Yorùbá ló yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Àwọn abúlé orí òkè ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú omi sí, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Ní Bathurst, ọ̀kan nínú àwọn abúlé òkè yẹn, ni Àjàyí Crowther ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé lẹ́yìn tó gúnlẹ̀ ní 1822. Àwọn abúlé náà ti wà láti igba ọdún. Ohun tó wá bá òkè náà ní ìgbà tiwa ni gígé igbó àti kíkọ́ ilé sójú ọ̀gbàrá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìlú ti kún mọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú òjò tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá gbé orí òkè pẹ́ máa ń mọ ibi tí omi ń gbà. A ò bi wọ́n ni.

Ẹnìkan lè wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Òótọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà náà ń lọ sí Èkó, a ò sì torí ìyẹn sọ pé kí wọ́n pa ilé ìwòsàn wa dé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó sọ̀ bí ará Ìdànrè ṣe sọ̀, pẹ̀lú ohun tó ń lọ bá lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ sí ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tí mo kọ̀ ni kí a fi ebi nọ́ọ̀sì àti tíṣà lé e sọ̀ kalẹ̀, ká wá pè é ní ìfẹ́ inú rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà níbí, ni omi Olúmirìn ti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Ìpele méje ni omi náà fi ń já bọ́ láti òkè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá wò ó, ìpele kejì ni ẹsẹ̀ wọn ń kọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà. Lókè ìpele keje, abúlé wà níbẹ̀, àgbẹ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sì ń kà á mọ́. Látàrí pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni omi, tó sì jẹ́ pé Èkìtì ló ni orísun, ó rọrùn fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti rò pé ìkejì ló ni ọ̀ràn àwọn tó wà láàárín. Kí káńsù Oríadé àti ti Ẹ̀fọ̀n jókòó pọ̀ lórí èyí. Kí wọ́n lọ ka orí àwọn ènìyàn ibẹ̀, aboyún mélòó, ọmọ ilé ìwé mélòó, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí káńsù tó ṣe ohunkóhun. Owó tí à ń gbà lẹ́nu géètì Olúmirìn lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ náà gun òkè.